Bí Àrùn Ọkàn Bá Ń Rìn Nínú Ẹbí Yín: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe, Láti Orí Sàréè Bàbá Dé Ìdí Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹ okun o. Ohun kan wà tí a kì í ṣe parí láàárín àwa ará Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. A mọ̀ pé àìsàn ọkàn wà nínú ẹbí. A máa ń sọ ọ́ níbi òkú pé, "Bó ṣe pa bàbá wọn náà nìyẹn." Àmọ́ bí a bá ti sìnkú tán, tí wọ́n ti ká àga àti tẹ́ǹtì kúrò lójúde, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn. Àwọn kan á yà sí kẹ́míìsì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó dáa, wọn ò ní débẹ̀ mọ́. Àwọn kan á gba oògùn, wọ́n á lò ó fún oṣù kan, wọ́n á jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, a ti tún pàdé níbi òkú mìíràn.

Mo wà lára wọn. Bàbá mi kú ní ẹni ọdún 52. Àbúrò rẹ̀ ò dé 50. Olùkọ́ ni mí ní Ìjùmú, n kì í ṣe dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni nọ́ọ̀sì, òun ló jókòó tì mí títí mo fi mọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ohun tí mo kọ yìí kò lè gba ipò dókítà, àmọ́ ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa gbé lọ bá dókítà, ẹ ó sì mọ iṣẹ́ tó kù fún yín ní ilé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba ọkàn jẹ́ jù láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹrin fi gùn díẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan tó le lẹ́yìn, àti báírò. Ẹ má gbára lé fóònù nìkan, fóònù máa ń bọ́ sómi.
- Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ òkè apá. Bí owó ò bá tó, kí ẹbí dá owó ra ẹyọ kan, kó máa yí ká láti ilé dé ilé.
- Okùn tó gùn ju yín lọ díẹ̀.
- Síbí tíì kan.
- Àgbàlagbà méjì ó kéré tán nínú ẹbí tó ṣì rántí nǹkan, ọ̀kan níhà bàbá, ọ̀kan níhà ìyá.
- Owó àyẹ̀wò láàbù. Bí ẹ bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ béèrè ohun tó san àti ohun tí kò san kí ẹ tó lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìwé ẹbí

Ẹ pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin: orúkọ, bó ṣe tan mọ́ yín, ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyá àti bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó kan ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá. Ẹ̀yìn wọn ni ti bàbá àgbà, ìyá àgbà, àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí yín.

Ọjọ́ orí ló máa fún yín ní wàhálà. Bí sàréè bá wà lójúde, ẹ lọ kà á. Ẹ wá ìwé ètò ìsìn òkú, ẹ wo pósítà ìkéde tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, torí a fẹ́ràn kí òkú wa dàgbà. Mo mọ ilé kan tí wọ́n fín 70 sí orí sàréè, tí bàbá kan tí òun àti olóògbé jọ wọ iléèwé lọ́jọ́ kan náà sì jókòó níwájú mi, tó ní òun ò tíì pé 60. Ẹ máa wá ẹgbẹ́ olóògbé kàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kókó. Àwọn àgbà wa ò ní sọ fún yín pé ọkàn ẹnì kan ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n gbọ́.

Bí wọ́n bá ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, orí àga ló ń sùn mọ́jú," ọkàn tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní, "Wọ́n yìnbọn sí i, apá kan kú, ẹnu rẹ̀ yí," ẹ kọ rọpárọsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè. "Ó ní àyà ń fún òun, òógùn bò ó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ" lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ara ọkàn mọ́. "Ọmọ náà kàn ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù ni, kò ṣàìsàn rí" ṣe pàtàkì gan-an, torí àìsàn ọkàn kan wà tí wọ́n ń bí mọ́ni, tó ń pa ọ̀dọ́ lójijì. Bákan náà ni, "Oyún ló ń gbé tó fi wú, tí gìrì mú un." Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún, ewu àrùn ọkàn tirẹ̀ ga sí i lọ́jọ́ iwájú, bó bá tiẹ̀ bímọ láyọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń bá ìyá àgbà jiyàn lórí ẹni tó yìnbọn. Ẹ má dán an wò. Ìyá á bínú, á pa ẹnu mọ́, ìwé yín á sì ṣófo. Ẹ kàn bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, ṣé apá ọ̀tún ni àbí tòsì? Ṣé ó ṣì lè sọ̀rọ̀? Ṣé ó ti ń lo oògùn kankan tẹ́lẹ̀?" Wọ́n á sọ ọ́ ní kíkún. Ìgbà Kérésìmesì tàbí ọdún iṣu, tí gbogbo ẹbí bá wálé, ló rọrùn jù láti béèrè, kì í ṣe ọjọ́ òkú.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ ka òkú nìkan. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Abuja, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wà lára ìwé yìí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* láàárín bàbá, ìyá àti àwọn tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá, ẹ fa òbìrìkìtì sí ọkùnrin tí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ mú kó tó pé ọdún 55, àti obìnrin tó mú kó tó pé 65. Bí òbìrìkìtì kan bá wà, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún dókítà nìyẹn, kí ẹ tó sọ nípa orí fífọ́. Bí kò bá sí, ẹ ṣì máa bá wa lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọjọ́ 7

Ọdún tí bàbá mi kú, mo gun ọ̀kadà láti Ìyàrá lọ sí Kàbà lọ́jọ́ ọjà, mo yà sí kẹ́míìsì kan, mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, èmi àti ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ fún mi ń sọ̀rọ̀ owó kajú. Ẹ̀rọ gbé 158 jáde fún nọ́ńbà òkè, èyí tó tóbi jù nínú méjì tó máa ń gbé jáde. Ẹ̀rù bà mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ síbòmíràn, wọ́n ní 126. Mo bá mú èyí tó wù mí, mo gbọ̀nà ilé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni 126 yẹn fi tàn mí jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Láàárín ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ má mu kọfí, ẹ má fa sìgá, ẹ má sáré, ẹ má gbé ẹrù. Mo mọ̀ pé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ń gbin kọfí, ó lè dúró díẹ̀.
2. Ẹ lọ tọ̀. Ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé e sókè.
3. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kì í ṣe àpótí. Ẹ fẹ̀yìn tì í, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 5, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ pa rédíò.
4. Ẹ bọ́ aṣọ kúrò lápá. Ẹ má ká a sókè kó wá fún apá bí ìgbà tí wọ́n dì í.
5. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Ẹ di aṣọ ẹ̀rọ sí òkè apá, ìka méjì sókè ìgbọ̀nwọ́.
6. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, èyí tó wù yín àti èyí tí kò wù yín.

Láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó lo oògùn, àti ní alẹ́. Ọjọ́ 7. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọn apá méjèèjì, apá tó bá ga jù ni kí ẹ máa lò títí dé ìparí.

Nígbà tí ọjọ́ 7 bá pé, ẹ pa ti ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ́, torí ara kì í tíì balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ku 24. Ẹ ro àwọn nọ́ńbà òkè pọ̀, ẹ pín in sí 24. Ẹ ṣe ti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ipá mú mi ṣe é, 141 lórí 89 ni mo rí.

Bí àròpín ti ilé bá jẹ́ 135 lórí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kódà bí nọ́ńbà kan péré nínú méjèèjì ló bá kọjá. Ní ilé ìwòsàn, 140 lórí 90 ni wọ́n ń lò. Bó bá wà lábẹ́ 120 lórí 80, ó dára, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún. Bó bá wà láàárín, ẹ̀yin tí ẹ ní òbìrìkìtì nínú ìwé, ẹ má dúró di ọdún. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìkìlọ̀: bí ó bá fò sí 180 lórí 120, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, tí àyà ń dùn yín, tí èémí ń hán, tí ojú ń ṣú tàbí tí apá kan ń kú, ilé ìwòsàn ni lọ́gán. Bí ara bá dá yín, ẹ ṣì rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn ẹlòmíràn mì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: aṣọ ẹ̀rọ tó kéré ju apá lọ. Àwọn ìyá tí apá wọn kún, àti àwọn tó ń fi apá ṣiṣẹ́ ńlá, aṣọ kékeré máa ń purọ́ sókè mọ́ wọn. Ẹ béèrè èyí tó tóbi. Èyí tí wọ́n ń dì mọ́ ọrùn ọwọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ bá lè rí ti òkè apá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí nọ́ọ̀sì fi tiwọn wọ̀n yín, kí ẹ̀yin náà fi tiyín wọ̀n ọ́n ní apá kan náà. Bí ó bá jìnnà síra ju bíi 10 lọ, tiyín ń fẹ́ ìtọ́jú, tàbí bátìrì rẹ̀ ti ń kú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣe àyẹ̀wò láàbù, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn cholesterol, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń pè ní LDL nínú rẹ̀ (irú tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀), ṣúgà àárọ̀ tí ẹ kò tíì jẹun, bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, ìtọ̀, àti ECG, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Ẹni tó wà lágbègbè Yàgbà lè lọ sí ECWA Hospital ní Ẹ̀gbẹ̀. Àwa tó wà níhìn-ín, Kàbà tàbí Lọ́kọ́jà ni. Àwọn mìíràn ń lọ sí Ìlọrin.

Ohun tó ń da orí ènìyàn rú ni pé láàbù kan máa ń kọ mg/dL, òmíràn á kọ mmol/L. Bọ̀ọ̀dá mi kan rí 5.4 fún cholesterol lọ́dún kan, ó rí 205 lọ́dún kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Nǹkan kan náà ni wọ́n, díẹ̀ ló kù. Fún cholesterol, ẹ pín mg/dL sí 38.7 kó lè di mmol/L. Fún ṣúgà, 18 ni ẹ máa fi pín in. Cholesterol lápapọ̀, a fẹ́ kó wà lábẹ́ 200 mg/dL, ìyẹn 5.2. Ṣúgà àárọ̀ tó bá dé 126 mg/dL, ìyẹn 7.0, tí ó tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìtọ̀ ṣúgà ni.

Nọ́ńbà tí ẹ̀yin tí ẹbí yín ní òbìrìkìtì máa kọ́kọ́ wá ni ti LDL. Bí ó bá jẹ́ 190 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn 4.9, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ọ̀rá tí wọ́n ń bí mọ́ni. Ẹni tó ní in, ìdajì-ìdajì ni ewu pé ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á jogún rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, sísanra tàbí títínrín. Oúnjẹ nìkan kì í sábà borí irú èyí, oògùn máa ń wọ̀ ọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ àwọn ọmọ wò náà. Ẹ wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti oríkèé ọwọ́ bí kókó kankan bá wà níbẹ̀ tí kì í dùn, kí ẹ fi han dókítà.

Bí ọ̀dọ́ kan bá ti ṣubú kú nínú ẹbí, ẹ sọ ọ́ jáde kí wọ́n lè ya àwòrán ọkàn fún yín. ECG nìkan lè má tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé láàbù wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe pé "wọ́n ní ó dáa." Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kékeré yẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún ìkòkò ọbẹ̀ ṣe

Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àjogúnbá, inú ìkòkò la ti jogún rẹ̀. Ìyá tó kọ́ ìyá yín bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ló kọ́ ọ ní iye iyọ̀ tó ń fi sí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju giramu 5 iyọ̀ lọ lójúmọ́, ìyẹn bí síbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú mágí, búrẹ́dì àti gbogbo nǹkan yòókù. Ti ọmọdé kéré sí i. Kò sẹ́ni tó ń fi síbí tíì wọn iyọ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo mọ̀. Nítorí náà, ẹ má wọn ọbẹ̀, ẹ wọn ọ̀rá iyọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tú ọ̀rá iyọ̀ tuntun, ẹ fi báírò kọ déètì sí ara rẹ̀. Ẹni mẹ́fà, giramu 5, ọjọ́ 30: giramu 900 nìyẹn. Ọ̀rá iyọ̀ kílò kan, ilé ẹni mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán kí oṣù tó pé. Bí ẹ bá tún ń lo mágí, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilé mi, nígbà tí a kọ́kọ́ kọ déètì, ọjọ́ 17 ló pé, ìyàwó mi ní àwọn eku ló ń jẹ ẹ́.

Bí mágí ṣe jẹ́ nìyí: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí, iyọ̀ ló sábà máa ń ṣáájú. Kúùbù kan jẹ́ bíi giramu 4. Kúùbù 6 nínú ìkòkò kan, bí ìdajì rẹ̀ péré bá jẹ́ iyọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó síbí tíì méjì ààbọ̀ kí ẹ tó bu iyọ̀ gan-an sí i.

Ẹ má gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàbá ilé á lọ jẹun níta. Ẹ dín in kù ní ìdá mẹ́rin lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ fi irú, àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀ àti efinrin dípò. Irú dáadáa, èyí tó ń rùn láti ẹnu ọ̀nà, mágí kankan ò tó o. Ẹ kàn bi ẹni tó ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ pa á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni káún. Wọ́n á ní àwọn ti dín iyọ̀ kù, wọ́n á wá da káún sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, wọ́n á fi sí ewédú. Ohun tó ń mú iyọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ sókè náà wà nínú káún. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, yóò rọ̀.

Epo pupa: ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé LDL sókè. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, ta ni mo jẹ́? Ẹ fi ṣíbí ìjẹun wọ̀n ọ́n dípò kí ẹ máa da ìgò sí ìkòkò, kí òkè ọbẹ̀ má pupa bí adágún. Ẹ má tún máa fi òróró àkàrà àná dín ti òní.

Iyán kì í ṣe ọ̀tá. Òkèlè tó ga ju ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ lọ ni ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí iyán gba ìdá mẹ́rin, kí ẹja, ẹ̀wà tàbí ẹran tí kò lọ́rà gba ìyókù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ jẹ ọbẹ̀ níbi ìnáwó. Bí ó bá jọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù fún yín, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sì ní ó dùn, ahọ́n yín ti yí padà.

Ìgbésẹ̀ 5: Okùn, ẹsẹ̀, tábà, ọtí

Ẹ fi okùn wọn ara yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ẹ gé e. Ẹ ká a sí méjì, ẹ fi yí ikùn ká ní ìdodo, láìfa ikùn wọlé. Bí orí okùn méjèèjì bá kanra, ó dára. Bí wọn ò bá kanra, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀. Mo so tèmi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìka mẹ́rin ló kù kó kanra nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ìrìn kíákíá ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ò nílò ìwàásù yìí lásìkò òjò, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹsẹ̀ wọn náà máa ń ká. Àwa olùkọ́ àti oníṣọ́ọ̀bù ló burú fún jù. Ọ̀kadà ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Sìgá àti áàṣáà: ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, kò sí iye kékeré tó dáa. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá, láàárín ọdún kan ewu àrùn ọkàn rẹ̀ á sún mọ́ ìdajì ti ẹni tó ṣì ń fà á. Ọtí: ògógóró àti bùrùkùtù, bó bá kéré ló dáa. Kò sí ọtí tó jẹ́ oògùn ọkàn, ohun yòówù kí wọ́n sọ ní ilé ẹmu.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí wọ́n bá kọ oògùn fún yín

Ibí ni àwa ọmọ Okun ti ń kú jù.

Dókítà kọ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, fún mi. Oṣù mẹ́rin, ó wálẹ̀ sí 124. Mo ní ó ti lọ nìyẹn. Ọdún iṣu dé, ọ̀rẹ́ pọ̀, mo fi oògùn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ̀gbọ́n mi gbá apá mi mú lẹ́yìn ìsìn, ó wọ̀n mí: 176 lórí 108. Orí ò fọ́ mi, ojú ò ṣú mi, mo ń jó lóru ọjọ́ tó ṣáájú. Oògùn ló dì í mọ́lẹ̀. Mo tú okùn, ó dìde.

Ní 2019, èsì ìwádìí CREOLE jáde. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà wà níbẹ̀, Dike Ojji, dókítà ọkàn ní Abuja, sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì-méjì wé ara wọn lára àwa aláwọ̀ dúdú, àpapọ̀ tí amlodipine wà nínú rẹ̀ sì gbé ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju èyí tí kò ní in lọ. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ hóró méjì lẹ́ẹ̀kan náà fún yín, kì í ṣe pé ó fẹ́ jẹ owó yín.

Ẹ lò ó ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé, bí ìfọ̀nnu àárọ̀. Ọjọ́ tó bá ku hóró 7 ni kí ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti déètì lára rẹ̀.

Amlodipine lè mú ọrùn ẹsẹ̀ wú díẹ̀. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, lè mú ikọ́ gbígbẹ wá, obìnrin tó lè lóyún kò sì gbọ́dọ̀ lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá yí padà nínú yàrá, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sọ ọ́. Dókítà ti gbọ́ ọ rí, oògùn mìíràn sì wà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Ìkíní, diclofenac àti ibuprofen tí a ń gbé mì bí ẹ̀pà lẹ́yìn oko máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń ba kídìnrín jẹ́. Ẹ béèrè paracetamol. Ìkejì, aspirin ojoojúmọ́ kì í ṣe fún gbogbo ẹni tó ní àrùn ọkàn nínú ẹbí. Ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ya nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ. Ìkẹta, bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi gba ipò oògùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka hóró tó kù lọ́jọ́ kẹẹ̀dógún oṣù. Bó bá ju iye tó yẹ lọ, ẹ ti ń fo ọjọ́. Ẹ tún ìwọ̀n ọjọ́ 7 ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Bí àròpín bá ṣì wà lókè 135 lórí 85, ẹ gbé ìwé padà lọ bá dókítà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ètò òru

Ẹ kọ ọ́ sí bébà ńlá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá ìjókòó, kì í ṣe yàrá yín.

Àmì tó jẹ́ kí ẹ má dúró di àárọ̀: àyà tó ń fún bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e, tó ń gba apá tàbí àgbọ̀n, òógùn tútù, èémí tó ń hán, ẹnu tó yí, apá tó kọ̀ láti gbéra, ọ̀rọ̀ tó lọ́. Obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má ní ìrora àyà, ó lè jẹ́ èébì àti àárẹ̀ òjijì nìkan.

Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, dókítà máa béèrè rẹ̀. Ẹ má bu omi, epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu bí ẹnu bá ti yí, yóò há a lọ́fun. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ gbé ìwé kékeré àti oògùn rẹ̀ dání.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ní mọ́tò ní àdúgbò, ilé ìwòsàn tó ní dókítà lóru, àti ẹni tó máa gbé owó sílẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ti Nàìjíríà ni 112, ẹ kọ òun náà sí i, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé síbẹ̀. Ọ̀nà Lọ́kọ́jà tó gba Ọbájànà máa ń kún fún tírélà, nítorí náà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ni àkọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ ibi tó kàn.

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé ẹbí àti bébà ògiri, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá yín lórí WhatsApp. Ẹni tí ẹ̀ ń bá jà náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pe àwọn awakọ̀ méjèèjì ní aago méjì òru lọ́jọ́ kan láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á bú yín, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ ra nǹkan fún wọn lọ́jọ́ kejì. Èyí tí kò bá gbé ìpè, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri kí ẹ tó padà lọ sùn.